Fìlà tó móoru lóòótọ́ fún ẹni tó ń lọ Winnipeg

Ẹ kú iṣẹ́ o Mọ́mì, ẹ kú ìnáwó ọmọ, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ jèrè ẹ̀. Mo ti ka ìbéèrè yín, màá sì fara balẹ̀ dáhùn ẹ̀. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin, àbúrò mi, ń lọ kàwé ní Winnipeg ní Kánádà, oṣù kìíní ló máa wọ ibẹ̀, irun dídì ló sì máa gbé lọ. Ẹ wá dé ọjà Igbona, ẹ rí hẹ́ẹ̀dì wọ́mà kan níbi òkìríkà, ó nípọn dáadáa, wọ́n so bọ́ọ̀lù òwú mọ́ ọn lórí, owó ẹ̀ ò wọ́n. Ẹ tún rí òmíì ní ṣọ́ọ̀bù kan lápá Ọlaiya, onírun ni, ó ní etí, owó ẹ̀ gọbọi, ọmọ tó ń tà á sì búra pé irun ẹranko gidi ni. Àǹtí yín ní kẹ́ ẹ má dá wọn lóhùn, pé aṣọ òkè ni ká fi rán fìlà fún un ká wá ti fóòmù sínú ẹ̀. Ẹ ní èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa mú, ẹ sì tún bi mí bóyá òótọ́ ni pé ìdajì ooru ara èèyàn, orí ló ń gbà jáde.

Iṣẹ́ fìlà ni mò ń ṣe ní Òṣogbo yìí, mo máa ń rán tiwa, mo sì máa ń ṣa fìlà òtútù nínú béélì fáwọn tó ń lọ òkè òkun, nǹkan tọ́wọ́ mi ń kàn lójoojúmọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kí n ti kọ́kọ́ sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù kí ọ̀rọ̀ tó gùn: ẹ má fi nínípọn yan fìlà, ẹ má fi owó yàn án. Fìlà tó bá ti lè há afẹ́fẹ́ mọ́ inú ara ẹ̀, tí atẹ́gùn ìta ò lè gba inú ẹ̀ kọjá, tó sì bo etí méjèèjì dé ìsàlẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn ń fà á wálẹ̀ ní gbogbo ìgbà, òun ló móoru. Ìyókù, ẹ̀ṣọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú òtútù tá à ń sọ, torí ọ̀pọ̀ òbí ló ń fi ọyẹ́ wọn òtútù ọ̀hún. Ọyẹ́ tiwa, tó bá mú gan-an ní ìdájí, tí gbogbo ọlọ́kadà bá ń wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n sì ń dé fìlà onírun wúùlù kiri, dígírì 15 sí 20 náà ló máa ń wà. Fíríìsà tó wà nílé yín tó ń sọ ẹja di òkúta, -18 ni wọ́n máa ń ṣe é sí. Winnipeg ní oṣù kìíní, òru tó tutù ju fíríìsà yẹn lọ ò ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ rárá, ó máa ń dé -20, -25, ìgbà míì á kọjá -30. A ò tíì ka atẹ́gùn mọ́ ọn o. Ilẹ̀ gbalasa ni Winnipeg wà, kò sí òkè tó máa gba atẹ́gùn dúró, atẹ́gùn yẹn ló sì ń jẹ́ kí òtútù wọ egungun. Ìṣirò tí Kánádà àti Amẹ́ríkà ń lò láti 2001 fi hàn pé tí ìta bá jẹ́ -20, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 30 láàárín wákàtí kan, -33 ló máa jẹ́ lára èèyàn. Ara tó bá wà lóde láìní ìbòrí nínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Dì ni mo wí, bí omi ṣe ń dì. Etí sì wà lára àwọn tó máa ń kọ́kọ́ fara gbá a, òun àti imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀, torí etí ò lọ́ràá, kò ní ẹran, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo eegun rírọ̀ ni, gbogbo ẹ̀ ló sì yọ síta fún atẹ́gùn. Ẹni tó bá ń dúró de bọ́ọ̀sì láàárọ̀ lè lò tó ìṣẹ́jú 15 níta, ìyẹn sì ti tó kí etí tí ò ní nǹkan lórí fara gbá a.

Ti ìdajì ooru ara, rárá o Mọ́mì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, ó tiẹ̀ wà nínú ìwé ìtọ́ni àwọn ológun Amẹ́ríkà ní 1970 pé ìdá 40 sí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ooru ara ń gba orí jáde. Ní 2008 ni àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Gẹ̀ẹ́sì, BMJ, pé àsọdùn ni. Orí téèyàn gbé rù yìí ò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ara lọ, ooru tó ń gba ibẹ̀ lọ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju ìwọ̀n ẹ̀ lọ. Ìdí tí mo fi dúró lórí èyí ni pé àwọn òbí kan máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìdajì yẹn, wọ́n á wá ná owó tó yẹ kí wọ́n fi ra bàtà àti jákẹ́ẹ̀tì gidi sórí fìlà, ọmọ á wá dé fìlà olówó ńlá, ẹsẹ̀ ẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ẹ̀ fojú di fìlà náà, torí tí òtútù bá mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ara máa ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ síbẹ̀ kù kí ooru má baà sá lọ, awọ orí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe irú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ṣì máa lọ síbẹ̀ dáadáa, ẹni tí ò bá wá bo orí, ooru ara ẹ̀ á kàn máa bá atẹ́gùn lọ ni. Etí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà sì wà níbẹ̀.

Aṣọ fúnra ẹ̀ ò ní ooru kankan o. Ara ọmọ ló ni ooru, iṣẹ́ fìlà ò ju kí ooru yẹn má lọ. Bí kúlà tí onímọ́ínmọ́ín ń gbé kiri ni, kúlà ò dáná, kò kàn jẹ́ kí gbígbóná mọ́ínmọ́ín jáde ni. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ yẹn nínú fìlà ni afẹ́fẹ́ kéékèèké tó há sáàárín òwú, tí ò lè rìn. Tó bá ti lè rìn, ó tán. Ìdí nìyẹn tí fìlà tó nípọn fi lè má móoru: tí wọ́n bá fi òwú ńlá hun ún ní híhun tó dẹ̀, ojú ihò ẹ̀ á fẹ̀, tẹ́ ẹ bá wà nínú ilé lẹ́ ẹ dé e, ẹ óò máa làágùn, ẹ óò ní mo ti ra nǹkan gidi, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti bọ́ síta tí atẹ́gùn bá gbá a, gbogbo afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ẹ̀ á lọ, ti tútù á rọ́pò ẹ̀, bẹ́ẹ̀ láá máa rí títí tẹ́ ẹ fi máa délé. Fìlà fẹ́lẹ́ tí wọ́n hun fún, tó ní aṣọ míì nínú, máa ṣiṣẹ́ jù ú lọ fíìfíì.

Ọ̀tá kejì ni omi. Òógùn o, yìnyín tó yọ́ o, èémí téèyàn ń mí síta o, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ inú fìlà, aṣọ tó bá sì ti rin, ooru máa ń gba inú omi yẹn jáde kíákíá. Ibẹ̀ la ti máa ń mọ òwú tó dáa yàtọ̀ sí èyí tí ò dáa.

Irun àgùntàn, ìyẹn wúùlù, lèmi máa ń kọ́kọ́ wá nínú béélì, kò sì sí ohun tó máa yí mi lérò padà lórí ẹ̀. Irun yẹn máa ń ká kóńkókóńkó, kì í lẹ̀ mọ́ra wọn, nítorí ẹ̀ ló ṣe ń há afẹ́fẹ́ mọ́ inú. Ó lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ara ẹ̀ kó má sì jọ pé ó tutù lára. Kì í tètè rùn. Àléébù ẹ̀ ò ju pé ó ń yún àwọn èèyàn kan níwájú orí, tó bá wá jẹ́ merino, ìyẹn wúùlù tí irun ẹ̀ tín-ín-rín gan-an, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yún wọn. Cashmere ńkọ́? Irun múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ irun òkè lára ewúrẹ́ ni, ó rọ̀, ó móoru ju bó ṣe fúyẹ́ lọ, wọ́n máa ń tà á lówó gidi lọ́hùn-ún, àmọ́ mo ti máa ń rí i nínú òkìríkà wa níbí tí ẹni tó ń tà á ò mọ ohun tó mú dání. Ẹ kàn gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá kòkòrò ti lu ihò sí i.

Acrylic ló pọ̀ jù lọ́jà, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti ń rí i. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, kì í sún kì tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, kò burú fún ìgbà òtútù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti pẹ́ lórí, á lẹ̀ pẹẹrẹ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á dín kù, òógùn á sì jókòó sí i lára. Òwú lásán, kọ́tìn, ẹ má gbé e lọ Winnipeg fún orí, ó dáa fún ilé, ó dáa fún Òṣogbo, àmọ́ tó bá ti rin, òtútù ló máa ń gbé fún èèyàn. Fleece náà wà, aṣọ múlọ́múlọ́ bíi bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọdé yẹn, ike ni wọ́n fi ń ṣe é, iléeṣẹ́ Malden Mills ní Massachusetts ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1979. Ó móoru, ó máa ń tètè gbẹ, àbùkù ẹ̀ ni pé atẹ́gùn ń gba inú ẹ̀ kọjá, torí náà abẹ́ ni àyè ẹ̀ wà. Ìdí tí mo fi to gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ báyìí ni pé fìlà tí mo máa ń wá fáwọn tó ń lọ ibi -30, wúùlù tó fún ló máa wà lóde, fleece á wà nínú yíká gbogbo ẹ̀, tí ò bá sì ṣeé ṣe, ó kéré tán kó wà níbi etí àti iwájú orí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n lọ́jà? Lébẹ́ẹ̀lì ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Tó bá kọ 100% wool, ó dáa. Tó bá kọ wool blend, ẹ wo iye tó wà níbẹ̀, torí òmíì wà tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá péré ni wúùlù inú ẹ̀. Ẹrù òkìríkà ń wá láti ibi púpọ̀, ẹ lè rí laine, lana tàbí Wolle, wúùlù náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí Baumwolle lára ẹrù Jámánì, kọ́tìn ni yẹn o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tà á fún yín ní wúùlù.

Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ti gé lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ kúrò. Nígbà náà, ẹ lo iná. Ẹ yí fìlà náà síta, ẹ wá ibi tí ojú rírán ẹ̀ ti pàdé ní ìdí lókè, òwú kékeré kan á máa yọ níbẹ̀, ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó jẹ́ kẹ́ ẹ gé e, kò gbọ́dọ̀ gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ jáde kúrò nídìí aṣọ o, ẹ má ṣe é nínú ìsọ̀ èèyàn. Ẹ fi ẹ̀mú mú òwú yẹn sórí àwo irin, ẹ tan láítà sí i. Tó bá jẹ́ wúùlù, á sá sẹ́yìn fún iná, á jó díẹ̀díẹ̀, bẹ́ ẹ bá mú iná kúrò á fẹ́ kú fúnra ẹ̀, òórùn irun tó jó ló máa rùn, òórùn tí gbogbo àdúgbò máa ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń wi ẹran Iléyá, eérú ẹ̀ dúdú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ rún un á di lẹ́búlẹ́bú. Acrylic á gbaná kíákíá, á yọ́, èéfín ẹ̀ á dúdú, ohun tó máa ṣẹ́kù lẹ́yìn ẹ̀ á le koko bí ìlẹ̀kẹ̀, ọwọ́ ò ní lè fọ́ ọ, ẹ má sì fọwọ́ kàn án nígbà tó ṣì gbóná torí á lẹ̀ mọ́ yín lára. Kọ́tìn á jó bí ìwé, á rùn bí ìwé, eérú ẹ̀ á funfun, á rọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ òórùn irun tẹ́ ẹ tún rí kókó líle, wọ́n pò ó pọ̀ ni.

Mímọ òwú nìkan ò tó. Ẹ gbé fìlà sẹ́nu, kí ẹnu yín lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fẹ́ ẹ kíkankíkan. Tí àtẹ́lẹwọ́ yín bá mọ atẹ́gùn yẹn gbàràgàdà, atẹ́gùn Winnipeg náà á mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ nà án díẹ̀ síwájú oòrùn, bó ṣe máa nà lórí gẹ́lẹ́, ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fọwọ́ fún un mọ́ra kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ̀, èyí tó bá dìde padà ló ṣì ní ẹ̀mí nínú, èyí tó bá dùbúlẹ̀ gbọnrangandan ti gbó.

Ti irun dídì yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ gbọ́, torí ibẹ̀ ni fìlà àwọn ọmọbìnrin wa ti máa ń bàjẹ́. Fìlà lọ́hùn-ún, orí onírun pẹlẹbẹ ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó bá gbé irun dídì tó nípọn wọ inú ẹ̀, fìlà á gun irun lókè, á wá dúró sí agbedeméjì etí, ọmọ á fà á wálẹ̀, á tún sún lọ sókè, gbogbo bó ṣe nípọn tó wá di òfo nítorí ibi tó yẹ kó bò gan-an ló ṣí sílẹ̀. Torí náà ẹ jẹ́ kí àbúrò mi wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, kó kó irun ẹ̀ bó ṣe máa ń kó o tó bá ń jáde, sẹ́yìn ọrùn ló dáa jù kó kó o sí, kì í ṣe sókè orí. Ẹ mú téèpù, ẹ wọn orí ẹ̀ yíká láti òkè ìpéǹpéjú, kẹ́ ẹ gba òkè etí, dé ibi tí ìpàkọ́ ti yọ jù. Orí àgbàlagbà sábà máa ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 54 sí 60, irun á tún fi kún un. Fìlà híhun máa ń nà, ó lè fi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́rin kéré sí ohun tẹ́ ẹ wọ̀n, rírán ò ní nà, ìyẹn gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ tóbi jù ú. Ẹ má rà á kó fún un pinpin, fífún máa ń tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ pa, á sì máa fọ́ ọ lórí. Tó bá ti dé e, kó tẹ orí ba bí ẹni ń wo fóònù, kó gbójú sókè, kó mi orí sọ́tùn-ún sósì. Tí ìsàlẹ̀ etí bá ṣì wà lábẹ́ fìlà lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ rà á. Tó bá yọ, ẹ dá a padà, kódà kó jẹ́ cashmere.

Wúùlù máa ń fa òróró irun, ó sì máa ń já irun iwájú orí tó bá ń fi ara kàn án lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sátíìnì tẹ́ ibi tó kan irun nínú ẹ̀, télọ̀ àdúgbò á ṣe é láìpẹ́ rárá, àmọ́ kí sátíìnì yẹn má dé ibi etí, torí sátíìnì tútù, fleece ni kó wà létí. Tàbí kó wé sikáàfù sátíìnì fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ kó tó dé fìlà, àwọn míì fẹ́ràn ìyẹn jù.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ bi mí.

Ti Igbona, oní-bọ́ọ̀lù, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i kẹ́ ẹ sì sun òwú ẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀, ó jọ pé acrylic olówùú ńlá ni, kò burú fún éápọ́ọ̀tù àti inú ilé, kì í ṣe èyí tó máa dé lọ dúró de bọ́ọ̀sì ní -25. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ẹ̀ ṣá, ẹ jẹ́ kí wọ́n rán fleece sínú ẹ̀ yíká, á yàtọ̀ gan-an. Kẹ́ ẹ sì gé bọ́ọ̀lù yẹn kúrò. Ní òtútù gidi, orí fìlà ni wọ́n máa ń fa húùdù jákẹ́ẹ̀tì sí, húùdù yẹn ló ń gba atẹ́gùn dúró, bọ́ọ̀lù á kàn máa ti húùdù sẹ́yìn ni.

Ti Ọlaiya, onírun. Irun ẹranko gidi móoru púpọ̀, mi ò ní purọ́ fún yín, àwọn ará Rọ́ṣíà ò ṣèèṣì máa dé e. Ṣùgbọ́n ẹ la irun yẹn sí méjì pẹ̀lú ìka yín kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí awọ, gidi ni, tẹ́ ẹ bá rí aṣọ híhun tí irun ń ti inú ihò ẹ̀ yọ, ayédèrú ni, kò sì yẹ kẹ́ ẹ san owó gidi lé e. Ayédèrú tó ní aṣọ tó dáa nínú náà lè móoru tó, etí ẹ̀ tó ń so mọ́ àgbọ̀n yẹn wúlò gan-an. Ohun tí ò jẹ́ kí n yàn án fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé inú bọ́ọ̀sì àti kíláàsì wọn lọ́hùn-ún gbóná, wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ amúlé-gbóná, á máa làágùn nínú ẹ̀, kò ṣeé ká sínú àpò, tó bá wá jáde pẹ̀lú orí tó rin, ọ̀tá kejì tí mo sọ yẹn ti dé nìyẹn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níta látàárọ̀ dalẹ́ ni mo máa rà á fún.

Ti àǹtí yín, aṣọ tí wọ́n mú ni kò bá a mu, ìrònú wọn dáa. Aṣọ òkè dé orí dáadáa lóde ìgbéyàwó, àmọ́ kọ́tìn ló pọ̀ nínú ẹ̀, fóòmù máa ń mu omi, ó sì máa ń le gan-gan nínú òtútù. Kí wọ́n ti fìlà yẹn sápò fún ọjọ́ tí àwọn Yorùbá ibẹ̀ bá ní òde. Àwọn bàbá wa ti mọ ọ̀rọ̀ etí yìí ṣáájú wa o: abetí-ajá, etí méjèèjì tí wọ́n máa ń dá sókè yẹn, ó ṣeé fà wálẹ̀ bo etí tí ọyẹ́ bá mú. Ohun tí mo máa ń ṣe fáwọn tó bá fẹ́ rírán rèé, àǹtí yín sì lè gbé e fún télọ̀ èyíkéyìí tó mọ fìlà. Ẹ wá kóòtù wúùlù àgbà ọkùnrin níbi òkìríkà, èyí gígùn tó wúwo, tí wọ́n hun tí wọ́n sì lù títí tí ojú híhun ẹ̀ ò fi hàn mọ́. Aṣọ yẹn, ẹ fẹ́ ẹ títí, atẹ́gùn ò ní fi bẹ́ẹ̀ kọjá. Kò sẹ́ni tó ń rà á níbí torí ooru, wọ́n máa ń fi sílẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ti tó fìlà. Kí wọ́n gé e bí abetí-ajá ṣùgbọ́n kí etí ẹ̀ gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, kí ẹ̀yìn ẹ̀ bo ìpàkọ́ dé ọrùn, fleece nínú, sátíìnì lókè orí nìkan. Kí wọ́n dín iye ojú rírán kù níbi etí, torí gbogbo ihò abẹ́rẹ́ ni atẹ́gùn ń gbà. Èyí ni mo máa mú tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, ju mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ́ ẹ sọ lọ.

Ẹ má ra ju ẹyọ kan náà lọ níbí. Kó fi gúnlẹ̀, kó fi lo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó bá ti mọ bí òtútù ibẹ̀ ṣe ń ṣe é, á ra ìkejì lọ́hùn-ún. Toque ni wọ́n ń pe fìlà híhun ní Kánádà, kó béèrè ẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ṣọ́ọ̀bù àlòkù bíi Value Village wà ní Winnipeg tó ti lè rí wúùlù gidi láìná owó rẹpẹtẹ. Kó sì má gbàgbé pé kò sí fìlà tó ń bo imú, sikáàfù wúùlù kan tó máa fà dé abẹ́ ojú gbọ́dọ̀ bá fìlà lọ.

Èyí tẹ́ ẹ bá rà ní òkìríkà, ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ so ẹnu ẹ̀ pa fún ọ̀sẹ̀ méjì, iná orí tó bá wà níbẹ̀ á ti kú. Lẹ́yìn náà, omi tútù àti ọṣẹ tí ò le, ẹ rì í sínú ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má lọ́ ọ, ẹ má sì fi omi gbígbóná kàn án torí wúùlù á sún kì, fìlà àgbàlagbà á di ti ọmọ ọwọ́. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì ká a kẹ́ ẹ fi tẹ omi ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, ẹ má fi kọ́ okùn. Tí wọ́n bá ti kó káńfọ̀ sí i, ẹ sá a sí atẹ́gùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó dé e.

Ó ku ẹyọ kan tẹ́ ẹ máa sọ fún un kó tó wọkọ̀. Tí etí bá ń ta á, kó má rò pé ó máa lọ, kó wọlé. Tí títa yẹn bá dáwọ́ dúró tí etí wá kú tipiri, ìyẹn gan-an léwu jù. Lára ẹni dúdú bíi tiwa, àyípadà àwọ̀ kì í tètè hàn, torí náà ọwọ́ ni kó fi mọ̀ ọ́n: kó bọ́ ìbọ̀wọ́, kó fọwọ́ kan etí, tó bá tutù, tó le, tí ò sì mọ ọwọ́ lára, kó wọ ilé èyíkéyìí tó bá wà nítòsí, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná bò ó títí ó fi máa rọ̀. Kó má fọwọ́ ra á, kó má fi yìnyín ra á gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ, kó má sì gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ amúlé-gbóná torí á jó láìmọ̀. Tí kò bá rọ̀, tàbí tó bá lé roro, kó gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.